Rust: worker thread mi ń sọ àkọsílẹ̀ tó kẹ́yìn nù

omo_kabba:
Okun o ẹ̀yin ará. Mo fi Rust, èdè ìkọ púrógíráàmù yẹn, kọ púrógíráàmù kékeré kan fún àǹtí mi tí wọ́n ń ra kaṣú níbí ní Kàbà, tí wọ́n bá ti gbé àpò sórí òṣùwọ̀n màá tẹ ìwọ̀n ẹ̀ sínú láptọ̀ọ̀pù, á sì fi ránṣẹ́ sí server. Tẹ́lẹ̀, tí nẹ́tíwọ̀kì bá ń falẹ̀, gbogbo ẹ̀ á gan, àwọn àgbẹ̀ á tò síwájú mi, wọ́n á máa wò mí bí olè. Ni mo bá gbé ìfiránṣẹ́ yẹn fún worker thread, ìyẹn apá púrógíráàmù tó ń dá ṣiṣẹ́ tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, mpsc channel (ọ̀nà tí thread kan fi ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí òmíì) ni mo fi ń jù ú sí i. Ó ti ń yá báyìí, àfi pé tí mo bá pa á nírọ̀lẹ́, àpò mẹ́rin márùn-ún tó kẹ́yìn kì í dé server, kò sì sí error kankan. Kí ló ń jẹ wọ́n?

ara_egbe:
Okun, àbúrò. Ìwọ lo ń pa wọ́n. Ní Rust, tí main (ibi tí púrógíráàmù ti ń bẹ̀rẹ̀) bá ti parí, process, ìyẹn gbogbo púrógíráàmù tó ń ṣiṣẹ́, ti kú nìyẹn, thread yòówù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ á bá a lọ. JoinHandle (ohun tí wọ́n fi ń di thread mú) tí thread::spawn fún ẹ nígbà tó o dá worker sílẹ̀, mo mọ̀ pé o ò tọ́jú ẹ̀. Tọ́jú ẹ̀, kó o pe join lórí ẹ̀, kí main lè dúró de worker kó tó parí.

omo_kabba:
Ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n. Mo ti ṣe é o, gbogbo àpò dé server, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kú mọ́! Kò lọ, kò bọ̀, Ctrl+C ni mo fi pa á.

ara_egbe:
Háà, mi ò parí ọ̀rọ̀ ni. `for msg in rx` lo ń lò nínú worker, àbí? Rx ni ẹnu channel tó ń gba nǹkan, tx, ìyẹn Sender, ni ẹnu tó ń fi í ránṣẹ́. Loop yẹn kì í tán àfi tí gbogbo Sender bá ti lọ, tx ẹ sì ṣì wà nínú main. Worker ń retí tx, main ń retí worker, bí awakọ̀ tó ń dúró de èrò ní páàkì, tí èrò jókòó sílé ń retí kó fun fèrè. Bó ṣe yẹ kí wọ́n tẹ̀léra nìyí, ju tx nù ná, kó o tó dúró de worker:

drop(tx);
worker.join().unwrap();

Tó o bá clone tx (ṣe ẹ̀dà ẹ̀) síbòmíì, ìyẹn náà gbọ́dọ̀ lọ.

python_lasan:
Kí ló dé tí ò lo tokio, àkójọ irinṣẹ́ Rust fún ṣíṣe iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?

ara_egbe:
Fún òṣùwọ̀n kan? Ìbọn lẹ fẹ́ fi pa ẹ̀fọn.

iya_mopa:
Ẹ jẹ́ n dá sí i. Tí iná bá lọ tí bátìrì náà sì kú, join ò lè gbà yín, inú RAM ni channel wà. Kọ́kọ́ kọ ọ́ sí fáìlì, pe sync_all kó lè dé orí disk gan-an, kó o tó jù ú sí channel, tí púrógíráàmù bá dìde lọ́la á ka èyí tí ò tíì lọ. Mpsc::channel lásán ò sì ní gbèdéke, tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ látàárọ̀ ó kàn máa tò jọ síbẹ̀ ni. Sync_channel, èyí tó ní gbèdéke, ní tiẹ̀, tó bá kún, send á dúró, wàá tún padà sídìí àwọn àgbẹ̀ tó ń wò ẹ́ bí olè lol. Try_send, tí kì í dúró, ni kó o lò, èyí tó bá kọ̀, ó kúkú ti wà nínú fáìlì.

omo_kabba:
drop(tx) ló ṣe é, ó pa ara ẹ̀ wẹ́rẹ́. Àpò 63 lónìí, 63 ló wà ní server. Ẹ ṣé mà, mo ń lọ sídìí ti fáìlì yẹn báyìí kí iná tó lọ.