Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ẹranko ìwádìí pàdé, ẹ wá sọ tiyín

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi tọ́jú eku funfun níbi tí wọ́n ti ń dán oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Ìrù ni mo kọ́kọ́ máa ń fi gbé wọn. Tí mo bá ti ṣí àgò, gbogbo wọn á sá wọ kọ̀rọ̀. Ọ̀kan tiẹ̀ gé mi jẹ ní àtàǹpàkò, mo sì jẹ̀bi. Ọ̀gá mi ló ní kí n fi ìrù sílẹ̀, kí n máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bù wọ́n bí ẹni bu omi. Ó ní eku tí jìnnìjìnnì bá mú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ru láìjẹ́ pé oògùn ló fà á, iṣẹ́ wa á sì di asán. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń gun ọwọ́ mi fúnra wọn.

Àmọ́ ìwádìí parí, wọ́n sì ní láti pa wọ́n kí wọ́n lè yẹ ọkàn àti kíndìnrín wọn wò. Mo ní kí ẹlòmíì bá mi ṣe é. Èmi náà ṣáà ni mo lọ kó wọn wá. Mo tẹ́ ọwọ́, wọ́n gùn ún bí ìṣe wọn.

*

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ mi ọkùnrin ní àtọ̀gbẹ. Abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì mẹ́rin ló ń gbà lójúmọ́. Òun ló bi mí pé ta ló kọ́kọ́ gbà á. Mo lọ kà á. Ajá ni. Lọ́dún 1921, ní Toronto, Frederick Banting àti Charles Best yọ ẹ̀yà ara tó ń ṣe ínsúlíìnì kúrò nínú àwọn ajá kan, wọ́n wá ń fún wọn ní omi tí wọ́n fà látinú ẹ̀yà kan náà lára ajá mìíràn. Ọ̀pọ̀ kú. Èyí tí wọ́n ń pè ní Marjorie lò ju oṣù méjì lọ. Oṣù kìíní ọdún 1922 ni Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, gba tirẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ńṣe ni wọ́n ń febi pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kó lè pẹ́ díẹ̀ sí i. (Ẹ gbà mí o!)

Ọmọ mi gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, ó ní, "Mọ́mì, Marjorie ńkọ́, ṣé ó yè?" Mo ní rárá. Ó ti kọ orúkọ ajá náà sára àpò abẹ́rẹ́ rẹ̀.

*

Tèmi ò gùn. Mo yọ̀ǹda ara mi rí fún ìdánwò oògùn. Wọ́n ní ọ̀bọ ti gbà á, kò ṣe é ní nǹkan kan. Mo ní, "Dókítà, èmi tí mi ò kì í ṣe ọ̀bọ ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ó wá sọ ti London fún mi: lọ́dún 2006, ọkùnrin mẹ́fà gba oògùn TGN1412, èyí tí wọ́n fún wọn sì kéré jọjọ sí èyí tí ọ̀bọ gbà láìsí láburú. Láàárín wákàtí mélòó kan, gbogbo wọn ti wà lẹ́sẹ̀ kan ayé, ẹsẹ̀ kan ọ̀run. Ó ní ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èmi nìkan ni wọ́n máa gún lọ́jọ́ yẹn, kí àwọn tó kù dúró wò mí di ọjọ́ kejì.

Mo ní háà, èmi wá ni ọ̀bọ wọn nìyẹn. Mo nawọ́ ṣá.