Ẹ bá mi wá ìwé: ìtàn ìpànìyàn tó rọra, tó kún fún oúnjẹ, tó bọ́ sí àsìkò Falẹntáìn

ojú_ewé_tuntun
Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín kíákíá. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún màmá mi, dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ kàwé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èmi ni mo wá ń kàwé sí wọn létí lálaalẹ́. Wọ́n fẹ́ràn ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gan-an àmọ́ wọn ò fẹ́ èyí tí wọ́n ti ń gé èèyàn wẹ́lẹwẹ̀lẹ, èmi náà ò sì fẹ́ kó dé ibì kan tí ojú á máa tì mí láti kà á jáde níwájú wọn. Fẹ́búárì ti wọlé, wọ́n ní àwọn ń fẹ́ èyí tí ìfẹ́ wà nínú ẹ̀, tí ìdáná wà nínú ẹ̀, tó jẹ́ àsìkò Falẹntáìn gangan, kí ẹnì kan kú, kí àwa méjèèjì jọ wá ẹni tó pa á. Mo ti ra méjì fúnra mi. Àkọ́kọ́, ara èèpo ìwé nìkan ni Falẹntáìn wà, inú ẹ̀ ò mọ̀ ọ́n rárá. Ìkejì, mo mọ apànìyàn ní orí kẹta, màmá ti mọ̀ ọ́n ní orí kejì. Kí lẹ ní fún wa?

ìyá_ìbejì
Ẹ kú ìtọ́jú màmá o, Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Tèmi ò gùn: Joanne Fluke. Obìnrin kan wà nínú ìwé ẹ̀ tó ń jẹ́ Hannah Swensen, ó ní bekírì kan tó ń jẹ́ The Cookie Jar nílùú kékeré kan tó ń jẹ́ Lake Eden ní Minnesota, l'Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá ti pa ẹnì kan báyìí Hannah á ti tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ wá Chocolate Cream Pie Murder, 2019 ló jáde, àsìkò Falẹntáìn ni, rẹ́sípì sì wà nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ lè fi ṣe kéèkì lóòótọ́. Kò sí ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ nínú ẹ̀ rárá.

kàwé_kó_tó_sùn
Rárá o, ìyá ìbejì, ẹ má bínú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀!! Ìwé yẹn ti lé ní ogún nínú síríìsì yẹn o. Hannah ti ṣègbéyàwó nínú Wedding Cake Murder lọ́dún 2016, wàhálà tó sì jáde látinú ìgbéyàwó yẹn ni wọ́n ṣì ń jẹ lẹ́nu nínú ti 2019 yìí. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ ka èyí, gbogbo àṣírí tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ìwé dì pọ̀ ti tú sí yín lọ́wọ́ nìyẹn, ẹ ò ní lè padà gbádùn àwọn ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Èmi ṣe é bẹ́ẹ̀ nígbà kan, ó dùn mí wọra. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Chocolate Chip Cookie Murder. Ọkùnrin tó máa ń gbé mílíìkì wá ni wọ́n yìnbọn pa sẹ́yìn bekírì, bísíkíìtì Hannah ló wà káàkiri ara ẹ̀. Ibẹ̀ náà lẹ ti máa pàdé Norman tó jẹ́ dókítà eyín àti Mike tó jẹ́ ọlọ́pàá, àwọn méjèèjì ló máa ń dù ú, màmá á tètè yan ẹni tí wọ́n fẹ́ fún un.

ìyá_ìbejì
Òótọ́ lẹ sọ. Mo gbàgbé pé èmi ti ka àwọn tó kù kí n tó dé 2019.

bàbá_láíbìrì
Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o, ìyá rẹ á fojú ara wọn kàwé láìpẹ́. Mo ti bá ìwé ṣiṣẹ́ pẹ́, jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe máa ń yẹ irú ìwé yìí wò. Mo máa ń bi ara mi pé bí mo bá gbé ọjọ́ Falẹntáìn kúrò nínú ìtàn yìí, ṣé ìpànìyàn yẹn ṣì lè ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀? Bó bá ṣì lè ṣẹlẹ̀, wọ́n kàn fi òdòdó pupa ṣe ẹ̀ṣọ́ ni. Nítorí pé ọjọ́ yẹn lágbára tiẹ̀. Ọjọ́ wo lèèyàn tún máa gba páálí ṣokolétì lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀, tí kò ní béèrè ẹni tó fi ránṣẹ́, tó máa jẹ ẹ́ tó tún máa rẹ́rìn-ín? Ọjọ́ wo ni èèyàn méjì tí kò jẹ̀bi máa ń parọ́ fún ọlọ́pàá nípa ibi tí wọ́n wà, torí ọ̀dọ̀ ara wọn ni wọ́n wà tí wọn ò sì fẹ́ kí ẹnì kankan mọ̀? Ẹni tó ń ṣe kéèkì pàápàá, iṣẹ́ ti bò ó mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀, ó gba àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ tí kò mọ̀ wọ́n dáadáa, ta ló wọlé ta ló jáde, kò lè sọ. Òǹkọ̀wé tó bá lo àwọn nǹkan wọ̀nyí, tiẹ̀ ni kó o rà.

Ọ̀rọ̀ páálí ṣokolétì yìí, ó ti ṣẹlẹ̀ lójú ayé rí. Lọ́dún 1898 Cordelia Botkin fi ṣokolétì tó ti fi májèlé kan tó ń jẹ́ arsenic sí ránṣẹ́ nípasẹ̀ pósítì láti San Francisco lọ sí Dover ní Delaware, sí ìyàwó ọkùnrin tí òun fẹ́ràn. Ìyàwó yẹn kú, arábìnrin ẹ̀ náà kú.

Ìwé tí mo fẹ́ kó o kà fún wọn ni The Poisoned Chocolates Case tí Anthony Berkeley kọ, 1929. Kì í ṣe Falẹntáìn lóòótọ́. Wọ́n fi páálí ṣokolétì ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan ní kílọ́ọ̀bù ẹ̀, kò fẹ́ ẹ, ó fún ẹlòmíì, ìyẹn gbé e délé fún ìyàwó ẹ̀, ìyàwó jẹ ẹ́, ó kú. Èèyàn mẹ́fà wá jókòó, kálukú sọ ẹni tó rò pé ó ṣe é pẹ̀lú ẹ̀rí tiẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti ka ti ẹnì kan tán, pa ìwé dé, kẹ́yin méjèèjì jọ jiyàn. Mi ò mọ ìwé tó dára jù ú lọ láti kà sókè fún ẹlòmíì.

sísí_kíṣìn
Ẹ kú àlàyé bàbá, mo gbádùn ẹ̀, àmọ́ ta ló dáná nínú ìwé yẹn sà? Ìdáná ni màmá béèrè! Inú kílọ́ọ̀bù àti yàrá ìpàdé ni gbogbo ẹ̀ wà. Ẹni tó bá ń wá ooru ààrò, kó wá Diane Mott Davidson, Catering to Nobody, 1990. Goldy ń ṣe alásè ní Colorado, ó dáná níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìsìnkú, ẹnì kan lo májèlé eku fún bàbá ọkọ ẹ̀ àtijọ́ níbẹ̀, wọ́n bá ti iṣẹ́ ẹ̀ pa. Ẹ rí i pé ìwádìí tó ń ṣe kì í ṣe òfófó? Oúnjẹ ẹ̀ ni wọ́n fura sí, òun nìkan ló sì ń tọ́ ọmọ, bí orúkọ alásè bá ti bàjẹ́ ta ló tún máa pè é? Ìdí tí mo ṣe fẹ́ràn ìwé yẹn ju ti Hannah lọ nìyẹn. Ìfẹ́ wà nínú ẹ̀, ọlọ́pàá kan ni, ó ń rọra wọlé. Ẹ kàn mọ̀ pé ọkọ àtijọ́ yẹn máa ń lù ú o, wọ́n sọ ọ́ dáadáa nínú ìwé, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó kà á fún màmá. Kò sì sí Falẹntáìn níbẹ̀.

afẹ́ìwé
Tó bá jẹ́ Falẹntáìn gangan ni, Leslie Meier kọ Valentine Murder, 1999. Àmọ́ láíbìrì ni ti ibẹ̀, Lucy Stone tó ń ṣèwádìí nínú ẹ̀ ò ní bekírì. Bàbá láíbìrì á fẹ́ràn ẹ̀.

ojú_ewé_tuntun
Ẹ ṣé gan-an gbogbo yín. Sísí, màmá ní àwọn ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ tó ń na ìyàwó báyìí, ó di ìgbà míì. Ìbéèrè kan, tí rẹ́sípì bá dé láàárín ìtàn ń kọ́? Ṣé kí n kà á ni àbí kí n fò ó?

kàwé_kó_tó_sùn
Ẹ fò ó tẹ́ ẹ bá dé ibi tó gbóná, ẹ padà sí i lọ́jọ́ kejì lójú mọmọ.

sísí_kíṣìn
Ẹ kà á o! Ẹni tó ti ń dáná látọjọ́ pípẹ́, bí wọ́n bá ń kà á létí ẹ̀ báyìí, ó ń rí i lójú ara ẹ̀. Ojú ló ń ṣe màmá, imú wọn ṣì wà níbẹ̀.

ojú_ewé_tuntun
Mo padà dé. A ka Chocolate Chip Cookie Murder tán, a ka rẹ́sípì pẹ̀lú, màmá dá mi dúró lẹ́ẹ̀mejì kí n tún iye bọ́tà kà. Norman ni wọ́n yàn fún Hannah, wọn ò fẹ́ gbọ́ orúkọ Mike. Lálẹ́ ọjọ́ 14 la bẹ̀rẹ̀ ti bàbá láíbìrì. Èèyàn mẹ́ta ti sọ tiwọn, lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan ni màmá ń sọ pé "irọ́ ni". Lálẹ́ àná wọ́n ní kí n gbé bébà, wọ́n pe orúkọ kan fún mi kọ, mo ká a, ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí wọn báyìí. Ó ku èèyàn mẹ́ta. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ nǹkan kan.