Ẹ̀rọ amómigbóná alágáàsì: kí ni kí n wò kí n tó rà á?

Olùbéèrè, Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọyẹ́ o. Níwọ̀n bí iná mànàmáná kò ti ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, mo fẹ́ ra ẹ̀rọ tí ń fi gáàsì mú omi gbóná lójú ẹsẹ̀, èyí tí kò ní àgbá. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n wò?

Ìdáhùn 1: Ẹ kọ́kọ́ wo bí omi yín ṣe lágbára tó. Táǹkì tí ó bá fi mítà 10 ga ju ẹ̀rọ lọ ni agbára omi rẹ̀ ń tó nǹkan bíi báà 1 (báà ni wọ́n fi ń wọn agbára omi). Èyí tí ó wà lórí òpó mítà 3 kò ju nǹkan bíi báà 0.3 lọ, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò sì ní tanná fún un. Nítorí náà, ẹ béèrè èyí tí wọ́n ṣe fún omi tí kò lágbára, tí bátìrì sì ń ṣáná fún. Pọ́ǹpù lè ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n iná mànàmáná náà ni pọ́ǹpù ń wá!

Ìdáhùn 2: Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má ṣe gbé e sínú balùwẹ̀ láéláé. Kábọ̀n mónọ́sáìdì, afẹ́fẹ́ olóró tí ó lè wà nínú èéfín rẹ̀, kò lóòórùn, ó sì ń pani. Ẹ gbé èyí tí wọ́n ṣe fún ìta kọ́ ara ògiri ìta.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bí gáàsì bá ń jò?

Ìdáhùn 2: Ẹ fi omi ọṣẹ pa ojú ibi tí wọ́n ti so rọ́bà mọ́ sílíńdà, bí ó bá ń hó, ó ń jò nìyẹn.