Bíréèkì ọkọ̀ mi ń ṣe ségesège: láàárọ̀ ó rì, lọ́sàn-án ó le

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọkọ̀ tí mo fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé ni. Bíréèkì díìsì (àwo irin) ló wà níwájú rẹ̀, ti dúrọ́ọ̀mù (irin tó rí bí ìlù) ló wà lẹ́yìn. Láàárọ̀, bí mo bá kọ́kọ́ tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi á rì wọlé bí ẹni tó tẹ tìmùtìmù. Bí mo bá tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, á wá le. Tó bá di ọ̀sán, á dára débi pé màá máa rò pé ojú ara mi ló ń tàn mí.

Àná mo fẹ́ dúró lẹ́yìn ọkọ̀ kan, ó rì. Mo tún un tẹ̀, ó sì dúró nígbà tó ku bí ìgbọ̀nwọ́ méjì. Kẹ́hìndé bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ wọ inú ọkọ̀ wọn ni?" Mi ò lè rẹ́rìn-ín.

Mẹkáníìkì ti pààrọ̀ pádì iwájú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pààrọ̀ kálípà iwájú méjèèjì (ohun tó ń fi pádì há díìsì). Òróró bíréèkì kò dín nínú ike rẹ̀, mi ò sì rí ibi tó ń jò. Ó ti wá ní kí n lọ ra máásítà báyìí, ìyẹn ohun tó ń ti òróró lọ sídìí táyà bí a bá tẹ bíréèkì. Ṣé kí n rà á?

Kò-Sí-Wàhálà:
Máásítà ni, ẹ má fàkókò ṣòfò. Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Tí òróró bá sì dín lójú ọ̀nà, ẹ fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀ kún un, á gbé yín délé.

Àgbà Sípánà:
Àbúrò, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ ọ́, má sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń mú kí rọ́bà inú bíréèkì wú. Díẹ̀ tó bá ti wọbẹ̀, rọ́bà máásítà, ti kálípà àti ọ́ọ̀sì (páìpù rọ́bà), kíkó dànù ló kù.

Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ wà lójú kan, kí ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Tó bá ń rì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín láìsí pé ó ń jò síta, rọ́bà inú máásítà ló ti jẹ. Tó bá dúró gbọn-in, ẹ jẹ́ kí máásítà sinmi. Lẹ́yìn náà, ẹ fa bíréèkì ọwọ́ dáadáa, kí ẹ tún tẹ ti ẹsẹ̀. Bó bá gòkè gan-an ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, láínìn ẹ̀yìn (èyí tó ń tẹ inú dúrọ́ọ̀mù) ló jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù, ẹ ní kí wọ́n sún un mọ́ ọn. Ìgbà wo lẹ sì pààrọ̀ òróró rẹ̀ kẹ́yìn?

Awakọ̀ Àtijọ́:
Ìbéèrè òróró yẹn ṣe pàtàkì o. Ó máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. DOT 4 (irú òróró bíréèkì kan) tuntun gbọ́dọ̀ tó 230°C ó kéré tán kó tó hó; tómi bá ti wọ̀ ọ́ dé ìwọ̀n 3.7%, ìwọ̀n tó kéré jù wálẹ̀ sí 155°C. Ẹ bá mi ti orí òkè gígùn sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú òróró ọdún mẹ́rin; tó bá hó, tí bíréèkì sì rì, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí. Bíárìn táyà tó ń mì náà lè máa ti pádì sẹ́yìn, tí ìtẹ̀ àkọ́kọ́ á fi rì. Ìyẹn ló ṣe tèmi nígbà kan.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo fi fóònù ka ìṣẹ́jú kan, kò mira. Bíréèkì ọwọ́ kò yí nǹkan kan padà. Táyà kò mì. Òróró tuntun ló dà sí i lọ́jọ́ tó pààrọ̀ kálípà, ó sì fa afẹ́fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀mejì. Mo rántí nǹkan kan: kó tó pààrọ̀ kálípà wọ̀nyẹn, ariwo nìkan ni mo ń rojọ́ rẹ̀. Kì í rì.

Àgbà Sípánà:
Hẹn-ẹn! Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ṣíwájú lẹ fi sẹ́yìn. Ẹ yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin, kí ẹ yọjú wo ẹ̀yìn kálípà. Ẹ ó rí nọ́ọ̀tì kékeré kan tó dé fìlà rọ́bà, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà fa afẹ́fẹ́ jáde. Ṣé òkè ló wà ni, àbí ìsàlẹ̀?

Ìyá Ìbejì:
Ìsàlẹ̀ ni. Tọ̀tún tòsì.

Àgbà Sípánà:
Ó ti bọ́ sí i. Ti ọ̀tún ló wà lósì, ti òsì ló wà lọ́tún. Bóòtì rẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó máa fura. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ a máa gòkè, òróró a máa wálẹ̀. Tí ihò bá wà nísàlẹ̀, òróró lásán ni wọ́n á máa fà jáde, afẹ́fẹ́ á jókòó sókè bí ọba. Bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ yẹn lẹ ń fún pọ̀. Èmi gan-an ti ṣe é rí nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá mi ò bá mi wí, ó kàn jókòó ń wò mí láti àárọ̀ dalẹ́.

Kí wọ́n gbé ti ọ̀tún padà sọ́tùn-ún, ti òsì padà sósì. Wáṣà bàbà tó wà nídìí ọ́ọ̀sì, tuntun ni kí wọ́n fi sí i, kí wọ́n sì rí i pé ọ́ọ̀sì kò lọ́. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí òróró gbẹ nínú ike bí wọ́n bá ń fà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ afẹ́fẹ́ mìíràn á wọlé. Ẹ má fi ọkọ̀ yẹn gbé àwọn ọmọ títí dìgbà náà. Kí mẹkáníìkì wá bá a nílé.

Ìyá Ìbejì:
Ó wá lánàá. Èmi ni mo ń bá a tẹ̀ ẹ́, tó ń pariwo "Ẹ dì í mú! Ẹ dì í mú!" Afẹ́fẹ́ tó jáde ń hó bí ọṣẹ. Lónìí, ìtẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti le. Mi ò ra máásítà. Mo ní kó kó pádì tó kọ́kọ́ yọ wá kí n rí i: ó ṣì nípọn.