Nabilone àti Colorado, ṣé ọ̀kan náà ni? Màmá mi ń bì lẹ́yìn kímò

Àbẹ̀kẹ́ Ṣómólú

Ẹ kú ilé o. Màmá mi ń gba kímò nítorí jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí wọ́n fa cisplatin sí wọn lára. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà á, a ó rò pé kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Tó bá di ọjọ́ kejì, bákẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń nulẹ̀ á ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Lánàá, ṣíbí ògì mẹ́ta péré ni wọ́n mu. Mi ò tíì fọ abọ́ náà tán tí wọ́n fi pọ̀ ọ́ padà. Òórùn ọṣẹ tí mo fi fọ aṣọ ìbora gan-an ń gbé èébì fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní oògùn kan wà tó ń jẹ́ nabilone, pé ó fara jọ igbó, ó sì máa ń dá èébì kímò dúró. Ọmọkùnrin kan ní ojúlé kejì gbọ́ nígbà tí mò ń tún un sọ lórí fóònù. Ó ní Colorado, ewé tí àwọn ọmọ àdúgbò ń fà bí igbó, náà ni, kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú. Ó ti rà á wá láti Mushin. Ó wà nínú ọ̀rá kékeré nínú báàgì mi báyìí, bí ewé tíì tó gbẹ. Ṣé òótọ́ ló sọ? Ṣé mo lè sè é bí àgbo fún wọn? Ẹ má bú mi, ó ti sú mi ni.

Apòògùn Ìdúmọ̀tà

Àbẹ̀kẹ́, Ọlọ́run á wo màmá sàn. Má sè é o.

Ìbéèrè rẹ kì í ṣe ti òmùgọ̀, torí pé ẹbí ni wọ́n lóòótọ́. Ibì kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní CB1. Ibẹ̀ ni THC, ìyẹn kẹ́míkà inú igbó, ń bọ́ sí, ibẹ̀ náà sì ni nabilone àti kẹ́míkà Colorado ń bọ́ sí. Bí oògùn bá kàn án níwọ̀nba, èébì á rọlẹ̀. Ní 1985 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí nabilone, àti dronabinol tó jẹ́ THC gan-an, àmọ́ tí wọ́n fi kẹ́míkà pò, tí wọ́n wá fi òróró yànmọ̀tí rọ sínú kápúsù. Ẹni tí àwọn oògùn èébì yòókù ò bá ràn ni wọ́n ń fún. Fi ìyẹn sọ́kàn.

Colorado ńkọ́? John Huffman, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Clemson ní Amẹ́ríkà, ló ṣe JWH-018, ọ̀kan nínú irú kẹ́míkà tí wọ́n ń fi ṣe Colorado, kó lè fi mọ bí CB1 ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò ṣe é pé kí ẹnikẹ́ni fà á. Àwọn oníṣòwò ló jí ọgbọ́n rẹ̀ lò. Ní 2008, wọ́n rí i ní Jámánì nínú ewé kan tí wọ́n ń tà ní Spice. Látìgbà náà, bí ìjọba bá ti fòfin de ọ̀kan, wọ́n á yí i díẹ̀, wọ́n á gbé òmíràn jáde. THC inú igbó kì í tẹ CB1 dé ìsàlẹ̀. JWH-018 ń tẹ̀ ẹ́ bí oní-dáńfó ṣe ń tẹ iná mọ́tò lórí afárá Third Mainland láàárọ̀ ọjọ́ Sunday.

Ewé inú báàgì rẹ yẹn, ewé lásán ni. Wọ́n po kẹ́míkà mọ́ acetone, ohun tí ẹ̀yin obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, wọ́n wọ́n ọn sórí ewé, wọ́n sì sá a. Ó lè ki níhìn-ín, kó má sí rárá lọ́hùn-ún. Kápúsù nabilone kan, mílígíráàmù 1 ni. Ta ló bá ọ wọn tìrẹ? Cisplatin fúnra rẹ̀ máa ń ni kíndìnrín lára, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti rí àwọn tí irú Colorado kan ba kíndìnrín wọn jẹ́ ní Amẹ́ríkà ní 2012.

Oògùn èébì wo ni wọ́n kọ fún màmá? Èébì ọjọ́ kejì lẹ́yìn cisplatin yàtọ̀ sí ti ọjọ́ kìíní. Bi dókítà nípa oògùn méjì fún un, dexamethasone àti olanzapine.

Sùnmọ́nù Mushin

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ gbọ́ ti Bàbá. Àbúrò mi fa colos, Colorado yẹn náà, lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè lẹ́bàá gọ́tà, kò sọ ọ́ kalẹ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà tó máa jí, ó ní ta ló jí sálúbàtà òun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ló wà.

Fọlákẹ́

Ẹ̀yin apòògùn, ẹ ti bẹ̀rù igbó jù. Kí wọ́n ṣáà ṣe oògùn CB1 tí kò ní wàhálà.

Apòògùn Ìdúmọ̀tà

Wọ́n gbìyànjú, ọmọ mi. Wọ́n ṣe rimonabant, èyí tó ń dí CB1, kí àwọn tó sanra má jẹun jù. Yúróòpù fọwọ́ sí i ní 2006. Nígbà tó fi di 2008, wọ́n ti dá a dúró, torí pé ìbànújẹ́ ń dé bá àwọn tó ń lò ó, àwọn mìíràn ń ro àtipa ara wọn. Ibi tí wọ́n dí torí oúnjẹ, inú dídùn náà ń gba ibẹ̀ kọjá.

Àbẹ̀kẹ́ Ṣómólú

Bàbá, ẹ ṣeun. Mo pe nọ́ọ̀sì. Oògùn èébì ọjọ́ kìíní nìkan ni wọ́n kọ fún wọn, wọ́n gbàgbé ti ọjọ́ tó kù! Dókítà ti fi àwọn méjèèjì tí ẹ dárúkọ kún un. Mo ti da ọ̀rá yẹn sí ṣalángá. Olanzapine yìí, ṣé àárọ̀ ni àbí alẹ́? Wọn ò kọ ọ́ sára páálí.

Apòògùn Ìdúmọ̀tà

Alẹ́ ni wọ́n sábà máa ń lò ó, torí ó ń múni sùn. Ṣùgbọ́n pe nọ́ọ̀sì yẹn padà, kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ. Má sì tíì gbé bákẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lálẹ́ òní.