Eré tẹlifíṣàn Ìlú Ọba àtijọ́ tí àwọn òbí wa ń béèrè: níbo lẹ ti ń rí wọn wò?

Àbíkẹ́, Woolwich:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀dọ̀ wa ni Mọ́mì mi ń gbé báyìí, àwọn eré tuntun tó ń jáde yìí ò wọ̀ wọ́n lójú rárá, ti àtijọ́ ni wọ́n ń béèrè, àwọn tí wọ́n máa ń wò tí wọ́n bá ti ṣíṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé. Orúkọ ni wọn ò rántí. Wọ́n á ní "èyí tí wọ́n ti ń gẹrun ní Peckham", wọ́n á ní "èyí tí tíṣà ti ń kọ́ àwọn àlejò ní òyìnbó", àti ọ̀kan tó jẹ́ èèyàn dúdú ló kún inú ẹ̀, bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ nínú fúláàtì. Gígé-gígé ni mò ń rí lórí YouTube. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ọ̀nà tó tọ́ tí mo lè gbà rí wọn kó ràn mí lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n Láńre, Manchester:
Àbíkẹ́, bá mi kí Mọ́mì o. Mo mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti agẹrun yẹn, Desmond's ni, Channel 4 ló gbé e jáde, 1989 sí 1994, Trix Worrell ló kọ ọ́, Norman Beaton ni Desmond, Carmen Munroe ni Shirley ìyàwó ẹ̀. Ti tíṣà, Mind Your Language, ti LWT (ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn London tó máa ń ṣe eré fún ITV), 1977 sí 1979, wọ́n tún ṣe díẹ̀ sí i ní 1986, NTA náà fi í hàn nílé débi pé ẹni tí ò fẹsẹ̀ tẹ London rí mọ Mr Brown, tíṣà yẹn. Ti ìdílé inú fúláàtì, The Fosters nìyẹn, LWT náà ni, 1976 àti 1977, Norman Beaton yìí kan náà ni bàbá, Lenny Henry tó ṣì kéré gan-an nígbà yẹn ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo yín dì mú ni pé kẹ́ ẹ tó máa wá eré kankan, ẹ kọ́kọ́ wádìí ilé iṣẹ́ tó ṣe é àti ọdún tó jáde. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ọwọ́ ẹni tó wà lónìí. Tó bá jẹ́ ti BBC, iPlayer, app wọn, lẹ máa kọ́kọ́ yà sí, tó bá jẹ́ Channel 4, app tiwọn ni, tó bá jẹ́ LWT tàbí Thames tàbí Granada, orí ITV ni eré gbogbo wọn ti jáde, ẹ wo ITVX, app ITV, tí kò bá sí níbẹ̀ ẹ wá DVD ẹ̀. Ẹni tí orúkọ eré ti sá mọ́ lórí, kó lọ sórí BBC Genome, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n ti kó gbogbo ètò BBC tí ìwé ìròyìn Radio Times tẹ̀ láti 1923 sí 2009 síbẹ̀. Orúkọ òṣèré kan péré tẹ́ ẹ bá rántí ti tó. Ẹ kọ Norman Beaton síbẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó, Empire Road máa yọ jáde, eré àwọn èèyàn dúdú ní Birmingham tí Michael Abbensetts ọmọ Guyana kọ, BBC2 gbé e ní 1978 àti 1979, ẹ máa rí ọjọ́ tó jáde, wákàtí tó jáde, àtàwọn tó ṣe é. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ti BBC nìkan ló wà níbẹ̀ o, ẹ má wá Desmond's lórí ẹ̀.

Àǹtí Yétúndé, Leeds:
Desmond's! Ẹ ti rán mi létí Matthew, ọmọ Gambia tó máa ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù yẹn pẹ̀lú ìwé ẹ̀, Gyearbuor Asante ọmọ Ghana ló ṣe é. Bó bá ti ní òwe àwọn àgbà Áfíríkà kan wà tó sọ pé, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á ké mọ́ ọn, síbẹ̀ á pa òwe náà tán. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí i torí òun nìkan ni mo rí lórí tẹlifíṣàn ìlú yìí nígbà yẹn tó ń ṣe bí àwọn bọ̀dá tó wá kàwé tí wọ́n máa ń wá jẹun nílé wa lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ìta ṣọ́ọ̀bù yẹn, Bellenden Road ní Peckham ni wọ́n ti yà á, ẹ lè mú Mọ́mì dé ibẹ̀.

Àbíkẹ́ mi, ọ̀rọ̀ licence ni mo fẹ́ kó yé ẹ dáadáa. Láti September 2016, ẹni tó bá ń wo iPlayer gbọ́dọ̀ ní TV licence, ìwé àṣẹ tí èèyàn ń sanwó ẹ̀ láti wo tẹlifíṣàn, kódà kó jẹ́ eré ọdún gbọọrọ ló ń wò. Ti ITVX àti Channel 4 yàtọ̀, tó bá jẹ́ eré tí wọ́n ti kó síbẹ̀ lẹ̀ ń wò, tí kì í ṣe èyí tó ń lọ lọ́wọ́ lórí tẹlifíṣàn, wọn ò béèrè licence. Mọ́mì ńkọ́, ṣé wọ́n ti pé 75? Tí wọ́n bá ti pé e, tí wọ́n sì ń gba Pension Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba fún àgbà tí owó tó ń wọlé fún un ò tó, ọ̀fẹ́ ni licence wọn, àmọ́ wọ́n ní láti bèèrè fún un o, kì í dédé wá bá èèyàn nílé. Àwọn àgbà wa púpọ̀ ni Pension Credit tọ́ sí tí wọn ò gbà á. Ẹ bá wọn wò ó.

Bọ̀dá Dépò, Houston:
Ẹ kú ìjókòó o. Èmi ti ra DVD Mind Your Language láti London, ohun tí mo bá pàdé ni mo fẹ́ sọ kí ẹlòmíì má baà náwó dànù. Wọ́n pín ayé sí Region fún DVD: ti Ìlú Ọba, Region 2 ni, ti Amẹ́ríkà níbí Region 1, ti Nàìjíríà Region 5, ẹ̀rọ tí wọ́n bá ti tì mọ́ Region kan ò ní gba òmíì. Ẹ̀rọ multi-region ni kẹ́ ẹ rà, tó sì lè yí PAL, irú àwòrán tẹlifíṣàn Ìlú Ọba, sí NTSC, ti Amẹ́ríkà. Kásẹ́ẹ̀tì VHS náà bẹ́ẹ̀, ti Ìlú Ọba PAL ni, ẹ̀rọ Amẹ́ríkà ò lè fi í hàn. Nílé kò níṣòro torí PAL ni Nàìjíríà náà ń lò, ìdí nìyẹn tí kásẹ́ẹ̀tì táwọn ará London ń fi ránṣẹ́ sílé láyé ọjọ́un fi ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Láńre, Manchester:
Òótọ́ ni Dépò. Ẹ jẹ́ n fi kún un pé Network, ilé iṣẹ́ tó máa ń gbé àwọn eré ITV àtijọ́ jáde sórí DVD, ti kógbá sílé ní 2023, torí náà ṣọ́ọ̀bù charity àti eBay lẹ ti máa rí ọ̀pọ̀ wọn. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ mú un. Ẹ máa wo Talking Pictures TV náà lórí Freeview, tẹlifíṣàn ọ̀fẹ́ Ìlú Ọba, àwọn bàbá àti ọmọbìnrin ẹ̀ ló dá a sílẹ̀ ní 2015, eré àtijọ́ ni iṣẹ́ wọn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Láíbìrì àdúgbò náà wà, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní BFI Replay, àkójọ fídíò àtijọ́ ti BFI, àjọ fíìmù Ìlú Ọba, inú láíbìrì nìkan lẹ ti lè wò ó. Ẹni tó bá wà ní London lè dé Mediatheque BFI, yàrá tí wọ́n ti ń wo àwọn eré àtijọ́, ní South Bank, ìdí Waterloo níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Àbíkẹ́, Woolwich:
Ẹ ṣé gan-an ni Ẹ̀gbọ́n. Mo ti rí Desmond's, Mọ́mì ń wò ó bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìbéèrè kan ni. Kí ló dé tí àwọn eré kan ò sí níbikíbi rárá, ṣé wọ́n kàn tọ́jú wọn pamọ́ ni?

Ẹ̀gbọ́n Láńre, Manchester:
Rárá o, wọ́n pa á rẹ́ ni, ó sì máa ń dùn mí. Tépù fídíò wọ́n gan-an nígbà yẹn, àdéhùn wọn pẹ̀lú Equity, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré, ò sì jẹ́ kí wọ́n lè tún eré kan náà fi hàn bó ṣe wù wọ́n, nígbà tí tẹlifíṣàn aláwọ̀ tún dé wọ́n ní ta ló ń wá dúdú-àti-funfun, ni wọ́n bá ń yà nǹkan míì lé e lórí. Nǹkan bí 1978 ni BBC tó jáwọ́. Èyí tó bọ́ nínú ẹ̀, òkè òkun ló bọ́ sí, torí wọ́n ti da àwọn eré yẹn kọ sórí fíìmù 16mm tí wọ́n ń tà fún tẹlifíṣàn ilẹ̀ mìíràn. Ẹ gbọ́ èyí: Jos ni wọ́n ti rí Doctor Who, eré BBC, tó sọnù! Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Philip Morris ló bá a ní sítésọ̀n tẹlifíṣàn níbẹ̀, BBC kéde ẹ̀ ní October 2013, apá mẹ́sàn-án tó ti sọnù, nínú The Enemy of the World àti The Web of Fear, ti nǹkan bí 1968. Apá kẹta The Web of Fear nìkan ni ò bá wọn dé. Ilẹ̀ Nàìjíríà ló bá wọn tọ́jú ohun tí London sọ nù, ẹ máa sọ ọ́ fáwọn ọmọ yín.

Torí náà ẹni tó bá ní kásẹ́ẹ̀tì bàbá ẹ̀ lókè àjà, mo bẹ̀ yín, ẹ má kó o síta fún àwọn council. Kaleidoscope, àwọn tó ń wá eré tó sọnù kiri ní Ìlú Ọba, máa ń gba ohun táwọn èèyàn fọwọ́ ara wọn gbà sílẹ̀ nílé.

Káyọ̀dé, Thamesmead:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé tẹ́ ẹ dé ibẹ̀. Èmi máa ń bá àwọn èèyàn kó VHS sórí kọ̀ǹpútà. Àbíkẹ́, tí ẹ bá ní, ẹ má kọ́kọ́ tì í bọ ẹ̀rọ o. Ẹ gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sọ́wọ́, ẹ yí i síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ wo inú gíláàsì kékeré iwájú ẹ̀. Tépù tó dáa máa dúdú, á máa dán, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á rí bákan náà yíká. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun tó ṣe bí àtíkè létí ẹ̀, èébu nìyẹn, tí ẹ bá fi í sínú ẹ̀rọ, á ba orí ẹ̀rọ jẹ́, á sì ràn mọ́ kásẹ́ẹ̀tì tó bá tẹ̀ lé e. Ẹ yà á sọ́tọ̀ sínú ọ̀rá, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló máa fọ̀ ọ́. Èyí tó bá mọ́, ẹ sáré yí i dópin, ẹ yí i padà síbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ tó máa gbà á sílẹ̀. Ẹ má yọwọ́ lórí ìpolówó ọjà àti ìròyìn tó wà láàárín, ẹ gba gbogbo ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni nǹkan tẹ́nìkan ò ní mọ́ máa ń wà. Ẹ̀rọ VHS ni kẹ́ ẹ tètè wá, Funai tó ṣẹ́kù tó ń ṣe é jáwọ́ ní 2016, èyí tó wà nígboro báyìí ni gbogbo wa ń lò.

Àbíkẹ́, Woolwich:
Ọlọ́run á bù kún yín. Mọ́mì ní kásẹ́ẹ̀tì Dádì wà nínú báàgì Ghana-must-go lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Káyọ̀dé, ṣé o máa ń lọ sílé èèyàn? Mo ti fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́ sí ẹ ní inbox.

Káyọ̀dé, Thamesmead:
Mo ti rí i, Àǹtí mi. Lọ́jọ́ Sátidé mo lè wá, èmi náà á gbé ẹ̀rọ mi dání. Ẹ jẹ́ kí Mọ́mì fọwọ́ ara wọn mú wọn jáde.