Ìwé bàbá àgbà tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣáájú òmìnira: báwo la ṣe máa tọ́jú ẹ̀?

Ọmọ Arákàlẹ̀ (Àkúrẹ́)
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà. Páálí ìwé mẹ́rin ló wà nílẹ̀: lẹ́tà, ẹ̀dà kábọ́ọ̀nù, ìwé owó ẹgbẹ́, àgékù ìwé ìròyìn àti ìwé ìpolongo ìbò. Akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ PWD (iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ òde) ni bàbá àgbà tó ni wọ́n, wọ́n sì du ipò káńsẹ́lọ̀ lẹ́yìn náà. Láti 1943 dé 1959 ni déètì ara wọn. Àwọn kan ti bu, aáyán sì ti jẹ etí àwọn mìíràn. Àwọn ẹbí ní ká tò wọ́n ní ọdún-ọdún, ká lọ lámínéètì èyí tó ṣe kókó. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ? Ibo la sì lè kó wọn lọ?

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì
Ẹ má lámínéètì ẹyọ kan o. Ooru ẹ̀rọ yẹn á mú kí gọ́ọ̀mù inú ọ̀rá náà wọ ara ìwé lọ, kò sì ní ṣeé yọ mọ́ láìba ìwé jẹ́. Sẹ́lótéèpù náà ò dáa: ó máa ń pọ́n, á sì fi àbàwọ́n sílẹ̀.

Ti ọdún-ọdún yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ̀rí ni bí bàbá ṣe dì wọ́n. Bí lẹ́tà 1945 bá wà láàárín ìwé owó 1950, ó lè jẹ́ pé ohun tí wọ́n gbà nígbà yẹn ni wọ́n fi ń jà fún owó tuntun. Tí ẹ bá ti tú u, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ mọ́. Ẹ ya fọ́tò páálí kọ̀ọ̀kan láti òkè kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ pè wọ́n ní A, B, C, D, kí ẹ mú ìdì kan jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì fi pẹ́ńsùlù rírọ̀ kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ìwé nísàlẹ̀: A/1/1, A/1/2. Bírò kọ́ o, yíǹkì rẹ̀ á là kọjá.

Èyí tó bu ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sínú yàrá tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kí ẹ kọ ojú fáànù sí ògiri, kì í ṣe sí ìwé. Ẹ má sá a sóòrùn, yíǹkì á ṣá. Ìgbà ọyẹ́ ló dára jù, nítorí òjò Àkúrẹ́ kì í jẹ́ kí ìwé gbẹ. Nígbà tó bá gbẹ tán, ẹ bo imú, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a níta. Bó bá ń bọ́ bí ìyẹ̀fun, ó ti gbẹ. Bó bá ń fà mọ́ ìwé, ẹ dá a padà, kò tíì tó.

Píìnì tó ti ní ìpáàrà, ẹ má fà á yọ gbáà. Ẹ ki ọ̀rá tín-ín-rín sábẹ́ rẹ̀ àti sókè rẹ̀, kí ẹ wá rọra tì í jáde.

Ọmọ Arákàlẹ̀
Ẹ ṣé gan-an, sà. Aáyán ńkọ́? Wọ́n ní ká da káfúrà sí i.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì
Rárá o, òórùn rẹ̀ kì í tán lára ìwé, kò sì dáa fún ẹni tó máa kà á. Fírísà ni. Ìwé gbígbẹ nìkan o: ẹ fi ọ̀rá méjì dì í, kí ẹ tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí ẹ fi sínú fírísà tó tutù dé -18°C fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí NEPA bá mú iná lọ títí tó fi yọ́, ẹ tún ọ̀sẹ̀ méjì náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹyin kòkòrò lè yè é. Bí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú ọ̀rá náà fún ọjọ́ kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á sẹ̀ sórí ìwé. Fọ́tò àtijọ́ kò gbọdọ̀ wọbẹ̀.

Ìwé Àtijọ́ (Oǹdó)
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti ìtọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n fi ti déètì kún un, torí lẹ́tà tí kò ní déètì á pọ̀ níbẹ̀.

Bí lẹ́tà bá ń béèrè 2s 6d (ṣílè méjì àti pẹ́nì mẹ́fà) lójúmọ́ fún lébìrà àti àlékún ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lórí COLA (owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ nítorí ọ̀wọ́n ọjà), ìjà tó bí ìyanṣẹ́lódì 1945 ni. Oṣù Kẹfà ọdún náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó sì lé ní ogójì ọjọ́. Bí lẹ́tà bá ní kí ìjọba tú Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, sílẹ̀, àárín 1943 sí 1945 ni, torí ìgbà yẹn ni wọ́n lé e lọ sí Auchi. Lẹ́tà rélùwéè tó bá ní "Nigerian Railway Corporation" lórí kò lè ṣáájú 1955. Rélùwéè kò sì gba Àkúrẹ́ kọjá, nítorí náà ìlú mìíràn, bí Ìbàdàn tàbí Èkó, ni irú rẹ̀ ti máa wá. Ẹ tọ́jú àpò lẹ́tà, òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ tó wà lórí sítáǹbù rẹ̀ ló ń sọ ibi tó ti wá.

Ohun kan tún wà. Bí ẹ kò bá rí àgékù ìwé ìròyìn West African Pilot tàbí Daily Comet ti ìdajì ìkẹyìn oṣù Keje 1945, ẹ má rò pé ikán ló jẹ ẹ́. Ìjọba fòfin de méjèèjì ní ọjọ́ 8 oṣù náà. Ẹ kọ àlàfo yẹn sínú àkójọ yín bó ṣe wà, kí ẹlòmíràn má wá sọ pé ẹ sọ ọ́ nù.

Aṣàwárí
Ibi tẹ́ ẹ máa kó o lọ: ẹ má tíì gbé ojúlówó jáde. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní National Archives ní Ìbàdàn. Nígbà ìjọba òyìnbó, Àkúrẹ́ ni Àjẹ́lẹ̀ (Resident, aṣojú ìjọba) Ẹkùn Oǹdó ń gbé. Fáìlì Ondo Prof ni ìwé ọ́fíìsì rẹ̀ wà, CSO 26 (fáìlì ọ́fíìsì Chief Secretary) ni ti olú-iléeṣẹ́ ìjọba l'Ékòó. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ẹ ní ẹ̀dà kábọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ojúlówó rẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ohun tí àwọn òyìnbó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí bàbá kò rí rí. Nọ́ńbà tó wà lókè lẹ́tà ìdáhùn ìjọba ni ẹ fi máa wá a.

Kenneth Dike Library ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí ìwé Herbert Macaulay wà, jẹ́ ilé tó ń gba irú ẹ̀. Ibikíbi tí ẹ bá mú, ẹ bá wọn kọ ìwé àdéhùn: ṣé ẹ̀bùn ni tàbí ìfipamọ́, ta ló lè kà á, iye ìwé tó wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Ìwé owó ẹgbẹ́ tó dárúkọ àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ẹ ní kí wọ́n tì í fún ìgbà kan, ọmọ wọn ṣì wà láàárín ìlú. Ẹ sì rántí: lẹ́tà tí wọ́n kọ sí bàbá, bébà rẹ̀ nìkan lẹ ni, ẹ̀tọ́ àtẹ̀jáde rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó kọ ọ́ àti àrólé rẹ̀ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú onítọ̀hún. Ẹ má gbé e sí Facebook láìbéèrè.

Ẹ sikánì ní 300 dpi, kí orúkọ fáìlì bá nọ́ńbà pẹ́ńsùlù mu. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan wà níta Àkúrẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹbí lórí WhatsApp, bíi document ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, kì í ṣe bíi fọ́tò, torí WhatsApp á dín fọ́tò kù, lẹ́tà kéékèèké kábọ́ọ̀nù kò sì ní ṣeé kà.